Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀ kí wọ́n tó wọn bípíì yín

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ eléyìí, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n ti sọ fún pé bípíì yín ga. Ìbẹ̀rù nìkan lè gbé e sókè o, torí tí àyà bá ti ń já èèyàn, ara á tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á máa sáré, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún pọ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ga fáwọn kan lọ́sibítù tó sì jẹ́ pé nílé kò ga rárá. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má kàn sáré na ọwọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ tọ̀, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé àyà ń já yín, kì í ṣe nǹkan ìtìjú. Tó bá ṣì ga, ẹ ní kí wọ́n tún un wọ̀n, kẹ́ ẹ sì máa wọ̀n ọ́n nílé láàárọ̀ àti lálẹ́, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún dókítà. Àmọ́ kẹ́nikẹ́ni má torí èyí dá oògùn ẹ̀ dúró o, ẹ jọ̀ọ́, dókítà ló máa sọ ìyẹn.