Omi Tó Mọ́ Kọ́ ni Omi Tó Gbó: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Mọ Adágún Ẹja Ńlá Sẹ́yìnkùlé

Bí wọ́n bá pè wá síbi tí ẹja ti kú, lọ́pọ̀ ìgbà, adágún náà ò tíì ju oṣù kan lọ. Ògiri rẹ̀ dúró dáadáa, kò jò, pọ́m̀pù ń ṣiṣẹ́, omi sì mọ́ gaara débi pé èèyàn lè ka òkúta tó wà nísàlẹ̀. Omi tó mọ́ gaara yẹn gan-an ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Torí rẹ̀ la ṣe kọ ìwé yìí: omi lè mọ́ kó má tíì gbó, ìyẹn ni pé kó má tíì ṣeé gbé fún ẹja. Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀, bí wọ́n ṣe ń po sìmẹ́ǹtì àti bí wọ́n ṣe ń to búlọ́ọ̀kù, a ò ní padà sórí ìyẹn.

Ọ̀kan nínú àwọn adágún bẹ́ẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni baálé ilé náà fi mọ ọ́n, iṣẹ́ náà sì gún régé. Mo ki ọwọ́ bọ omi, mo fi ìka ra ìka, ó ń yọ̀ bí omi ọṣẹ. Ẹja dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú rẹ̀ ti ṣú, ohun yíyọ̀ tó máa ń bo ara ẹja ti di funfun, ó ń ṣí kúrò bíi bébà tó rin. Ọjọ́ kẹta tó rẹ́ ògiri tán ló ti pọnmi sí i, ọjọ́ kẹrin ló kó ẹja wọ̀ ọ́. Ó ní òun fọ adágún náà mọ́ tónítóní. Òótọ́ ni, ó fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì tuntun ń tú èròjà líle sínú omi, pH omi náà (òǹkà tó ń sọ bí omi ṣe kan tó tàbí bó ṣe jọ omi ọṣẹ tó) sì lè gòkè dé 12. Kò sí bí ẹja ṣe lè mí nínú irú omi bẹ́ẹ̀.

Ìwọ̀n adágún

Ẹ wo bí ẹja yóò ṣe tóbi tó bó bá dàgbà, ẹ má wo bó ṣe rí nínú ọ̀rá tí ẹ fi rà á. Ẹja tí wọ́n ń pè ní oscar kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 35 lọ. Arowana aláwọ̀ fàdákà lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 90. Redtail catfish, tí ẹ rà nígbà tó gùn bí ìka ọwọ́, yóò ju mítà 1 lọ. Arapaima ń kọjá mítà 2, ẹ má tiẹ̀ dán an wò lẹ́yìnkùlé. Gígùn adágún gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́fà gígùn ẹja tó ti dàgbà, fífẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín sí ìlọ́po mẹ́ta.

Adágún tó gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní mítà 2.5, tó jìn ní mítà 1.2, ń gba omi lítà 12,000. Ẹ fi gígùn, fífẹ̀ àti jíjìn lu ara wọn, kí ẹ tún fi 1,000 lù ú. Ẹ kọ iye yẹn sára ògiri níbi tí ẹ ó ti máa rí i, torí kò sí oògùn tàbí iyọ̀ tí ẹ lè wọ̀n láìmọ̀ ọ́n. Omi yìí wúwo tó tọ́ọ̀nù 12, nítorí náà kí ilẹ̀ rẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí irin wà nínú rẹ̀, kó sì fi sẹ̀ǹtímítà 8 rẹlẹ̀ lọ́nà ibi tí omi ń gbà jáde. Bó bá jẹ́ rọ́bà ni ẹ fẹ́ tẹ́ sínú kòtò, mítà 7 lọ́nà mítà 5.5 ni ẹ ó gé.

Fún lítà 12,000 yìí, pọ́m̀pù tó ń gbé lítà 12,000 ní wákàtí kan ló yẹ, kí ilé asẹ́, ìyẹn ibi tí omi ń gbà kọjá kí ìdọ̀tí rẹ̀ lè kúrò, sì gba lítà 1,200. Àwọn èèyàn máa ń fi garawa kan ṣe asẹ́. Garawa kan ò tó!

Bí omi ṣe ń gbó

Ẹ máa wọ́n omi sí ògiri tí ẹ rẹ́ fún ọjọ́ 7, kí ẹ wá fi sílẹ̀ títí yóò fi pé ọjọ́ 28. Lẹ́yìn náà, ẹ pọnmi kún un, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ 3, ẹ dà á nù, ẹ fi fíníga àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ògiri, ẹ ṣàn án. Ẹ ṣe báyìí nígbà mẹ́rin. Ìgbà mẹ́rin la wí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ wá pọnmi tí ẹ ó lò, kí ẹ jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wọn pH láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bó bá ju 8.5 lọ, ẹ tún un dà nù.

Omi ẹ̀rọ ní kílórínì nínú. Bí pọ́m̀pù afẹ́fẹ́ bá ń rú u fún ọjọ́ 2, kílórínì yóò lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ kílóràmíìnì, oògùn apakòkòrò omi mìíràn, ni wọ́n fi sí i, kò ní lọ bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ lo oògùn tó ń pa á. Ẹ bi àwọn tó ń pèsè omi léèrè èyí tí wọ́n ń lò.

Ibi tí gbogbo yín ti ń kánjú la dé yìí. Ara ẹja àti oúnjẹ tó ń jẹrà ń tú amóníà sómi, májèlé sì ni. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú asẹ́ ló ń sọ ọ́ di náítíráìtì, tí òun náà jẹ́ májèlé, àwọn mìíràn á wá sọ ọ́ di náítírèètì tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kòkòrò yìí kò tíì sí nínú asẹ́ tuntun, ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni wọ́n fi ń pọ̀ tó. Láìsí ẹja níbẹ̀, ẹ máa da oúnjẹ ẹja giramu 50 sómi lójoojúmọ́, kí pọ́m̀pù máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ẹ máa dán omi wò lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Amóníà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gòkè kó tó wálẹ̀, náítíráìtì náà gbọ́dọ̀ gòkè kó tó wálẹ̀. Bí ẹ ò bá rí i kí wọ́n gòkè rí, omi yín ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Ìgbà tí méjèèjì bá jẹ́ 0 fún ọjọ́ 2 tó tẹ̀ léra ló tó. Ẹni tó bá rí fóòmù gbà nínú asẹ́ adágún àtijọ́ tí ẹja rẹ̀ ń ṣe dáadáa lè dín àkókò yìí kù, torí àwọn kòkòrò náà ti wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi omi ẹ̀rọ fọ fóòmù náà láé, omi adágún ni kí ẹ fi ṣàn án.

Ẹja 2 ni kí ẹ kọ́kọ́ kó wọ̀ ọ́. Kí ọ̀rá wọn léfòó lórí omi fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ tó tú u. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, oúnjẹ wọn lóòjọ́ kò gbọdọ̀ ju giramu 10 lọ fún kílò kan ẹja. Ẹ máa pààrọ̀ lítà 2,400 lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí náítíráìtì bá yọjú, ẹ dá oúnjẹ dúró, ẹ pààrọ̀ lítà 4,000, ẹ wọ̀n iyọ̀ kílò 12, ẹ yọ́ ọ nínú garawa omi kí ẹ tó dà á sínú adágún.

Arowana ń fò, ẹ ta àwọ̀n bo adágún. Ẹ ṣe ọgbà yí i ká, kí ọmọdé má baà já sínú rẹ̀. Ẹja tó bá tóbi ju adágún lọ, ẹ wá ẹni tí adágún tirẹ̀ tóbi gbà á. Ẹ má dà á sódò, torí ẹja tó ti ibòmíràn wá lè jẹ àwọn tó wà níbẹ̀ run.