Egbò ojú ẹṣin: igo oògùn kékeré tó kó mi sí ìnáwó

Oògùn ojú kan tí kò tó òróró ìpara lówó ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Iléyá ti ń sún mọ́lé, ẹṣin tí a fẹ́ gùn lọ sí Ojúde Ọba n'Ìjẹ̀bú-Òde di ojú òsì pa, omi ń dà níbẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ sáré lọ sí kẹ́míìsì. Ẹni tó ń tajà kò béèrè ju "ṣé ojú pupa ni?" lọ, ó sì gbé oògùn tó ní dexamethasone, tó ń pa wíwú, pẹ̀lú neomycin, tó ń pa kòkòrò, fún un. Kí n tó gbọ́, wọ́n ti ń kán an. Ohun tí mo ná lórí ojú yẹn lẹ́yìn náà, ó ju owó igo ọ̀hún lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Dexamethasone kì í ṣe oògùn burúkú. Bí inú ẹyinjú bá wú, irú àìsàn tó máa ń lọ tó máa ń padà wá títí ẹṣin á fi fọ́jú, òun gan-an ni wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n bí kọ́níà, awọ tó mọ́ gaara níwájú ẹyinjú, bá ti họ, kò ní jẹ́ kí egbò jinná, á la ọ̀nà fún kòkòrò àti fungus, awọ náà sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àìsàn méjèèjì jọra lójú: ẹṣin á di ojú, omi á máa dà, kò ní fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ẹ dúró níwájú rẹ̀ gan-an, kí ẹ fi irun ìpéǹpéjú òkè ti ọ̀tún wé ti òsì. Èyí tó bá dorí kodò ni ojú tó ń dùn ún. Ìyẹn á sọ fún yín pé ó ń dùn ún, kò ní sọ ìdí rẹ̀.

Pépà fluorescein ló ń sọ ìdí rẹ̀: pépà tẹ́ẹ́rẹ́ tí orí rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn. Ó kéré, kò wọ́n, mi ò sì rí i rà!

Àwọn tó ń ta oògùn ẹran ní oògùn aràn, oògùn eégbọn àti fítámì adìyẹ tó kún ilé. Ọ̀kan nínú wọn gbé pépà tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ wò jáde, ó ní ọ̀kan náà ni. Mo gba ilé àwọn tó ń yẹ ojú èèyàn wò lọ, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni pépà yìí máa ń wà. Bí mo bá ti dárúkọ ẹṣin, ẹ̀rín ni. Ibì kan fẹ́ ta olómi inú igo tí wọ́n ti ṣí fún mi, mo kọ̀ ọ́. Kòkòrò Pseudomonas máa ń gbé inú fluorescein olómi tí wọ́n bá ti ṣí, kòkòrò yẹn gan-an ló sì ń jẹ kọ́níà yọ́. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe pépà tí wọ́n fi ọ̀rá dì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí mo ti rí i níkẹyìn kò ta ẹyọ, odindi páálí ni mo rà.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, egbò ń fẹ̀. Bí ẹ bá há síbi tí mo há sí, ẹ dá oògùn tó ní dexamethasone dúró, ẹ fi omi iyọ̀ dírípù fọ ojú, ẹ so ẹṣin síbi tó ṣókùnkùn, kí ẹ sì kán chloramphenicol 0.5%, oògùn tó ń pa kòkòrò, tí kò ní nǹkan mìíràn nínú. Ẹ ka ara igo. Bí ẹ bá rí orúkọ tó parí sí "-sone" tàbí "-lone", ẹbí dexamethasone ni, ẹ dá a padà.

Dídi ẹṣin mú, ẹ mọ ìyẹn. Mo ki orí pépà sínú síríńjì, mo fa omi iyọ̀ mílílítà 2, mo sì tú u díẹ̀díẹ̀ sójú láìsí abẹ́rẹ́ lẹ́nu síríńjì. Mo fi omi iyọ̀ ṣan án, mo tan tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ búlúù sí i. Ibi tó họ mú àwọ̀ ewé. Bí etí egbò bá mú àwọ̀ ewé tí àárín rẹ̀ kò mú un, ẹ má yọ̀: egbò ti jìn dé awọ ìkẹyìn, ó lè bẹ́ nígbàkígbà. Tiwa kò tíì jìn tó yẹn, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti ń rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù.

Dókítà ẹran gba chloramphenicol kúrò, nítorí Pseudomonas kì í sábà gbọ́ tirẹ̀, ó fi ciprofloxacin 0.3% rọ́pò, wákàtí kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni omi tó léfòó sórí ẹ̀jẹ̀ ẹṣin náà fúnra rẹ̀ tó ti dì, èyí tí láàbù yọ fún wa: ó ń dá ohun tó ń yọ́ kọ́níà dúró. Inú fíríìjì ló ń gbé. Ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán sáàárín oògùn kan àti èkejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èkejì á fọ ti àkọ́kọ́ dànù. Flunixin, oògùn ìrora àti wíwú, wọ iṣan ẹ̀jẹ̀, mílígíráàmù 1.1 fún kílò kan. Ẹṣin tó wúwo tó 300 kílò á gba mílílítà 6.6 nínú èyí tó jẹ́ 50 mílígíráàmù ní mílílítà kan. Ẹ má gún un sí ẹran ọrùn láé.

Atropine 1% ń la ọmọ ojú, ihò dúdú àárín ẹyinjú, ó ń dín ìrora kù, ṣùgbọ́n ó lè dá ìfun ẹṣin dúró. Bí ìgbẹ́ bá ti ń dín kù, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń sin ajá, egbò kan náà ni, pépà kan náà ni, ẹ gé ìdí báàkẹ́tì fi sọ́rùn rẹ̀ kó má baà họ ojú. Ṣùgbọ́n bí ojú ajá méjèèjì bá ṣú funfun lẹ́ẹ̀kan náà, tí èrìgì rẹ̀ sì funfun, ẹ gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò fún trypanosome, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀, kí ẹ tó kán ohunkóhun.

Nígbà tí ojú ẹṣin wa ń san, iṣan ẹ̀jẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti etí lọ bá egbò, bíi mìlímítà kan lójúmọ́. Gbogbo ẹni tó rí i ló ní ó ti bàjẹ́, wọ́n tún fẹ́ kí n wá oògùn tó ń pa pupa. Iṣan yẹn ló ń gbé ìwòsàn lọ, mi ò fọwọ́ kàn án. Mo ń fi pépà yẹ̀ ẹ́ wò títí kò fi mú àwọ̀ ewé mọ́. Ẹṣin mìíràn la gùn lọ sí Ojúde Ọba, nítorí atropine lè jẹ́ kí ọmọ ojú ẹṣin là sílẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn tí ẹ bá dá a dúró, oòrùn ọ̀sán gangan kò sì ní jẹ́ kó ríran.