Ọṣẹ Dúdú àti Òrí fún Ọjà Yúróòpù: Ibi Tí A Ti Ń Ṣì Í Ṣe

Ó máa ń dùn mí tí ọṣẹ dúdú tó dáa bá há sí ẹnubodè Yúróòpù nítorí ìwé tó yẹ kí ọlọ́jà ti ṣe kó tó dì í sí páálí.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn gbà pé nọ́ńbà NAFDAC ti tó. Nàìjíríà ni nọ́ńbà yẹn mọ. Láti July 11, 2013 ni òfin 1223/2009 ti ń darí ọṣẹ ìwẹ̀ àti ìpara ní gbogbo European Union, ohun tó sì kọ́kọ́ béèrè ni ẹni tó wà lọ́hùn-ún tí yóò dúró fún ọjà náà, tí wọ́n ń pè ní Responsible Person. Orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn lára ike. Bí a kò bá yan ẹnikẹ́ni, ẹni tó kó ọjà wọlé ni òfin gbé e lé lórí. Àbúrò yín tó gba páálí ní Brussels láti bá yín tà á ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun nìyẹn. Tí ara oníbàárà kan bá bó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìjọba ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ó lè máà mọ ohun tí ẹ pò pọ̀. Ẹ má sì fi àdírẹ́sì London tajà ní Paris. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2021, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti yàtọ̀ sí ti European Union.

“Ewé àti epo nìkan ni mo lò, kò sí kẹ́míkà níbẹ̀.” Èyí náà kò yọ ẹnikẹ́ni. Kí ọjà tó dórí igbá, onímọ̀ tó kàwé nípa oògùn tàbí májèlé gbọ́dọ̀ yẹ àwọn èròjà rẹ̀ wò, kó sì kọ ìwé lé e pé kò léwu. Ẹ tún gbọ́dọ̀ fi orúkọ ọjà náà sílẹ̀ lórí CPNP, ìkànnì European Union fún irú ọjà báyìí. Ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í ṣe ìwé àṣẹ, nítorí náà ẹ má fi polówó bí ẹni pé wọ́n ti fọwọ́ sí ọjà yín. Ìwé onímọ̀ yẹn, àpòpọ̀ kan ṣoṣo ló wà fún. Bí ẹ bá fi eérú èèpo kòkó se ti oṣù yìí, tí ẹ wá fi eérú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ se ti oṣù tó ń bọ̀, ìwé àkọ́kọ́ kò bo èkejì. Ẹ wọn ohun gbogbo, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fún ìsè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ọdún 10 lẹ́yìn tí ìsè tó kẹ́yìn bá dé ọjà ni fáìlì tí ìwé ọjà náà wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi wà nílẹ̀.

Ẹ má kọ “ó ń wo làpálàpá” sára ike. Gbólóhùn yẹn nìkan lè sọ ọṣẹ di oògùn lójú òfin, òfin oògùn sì le ju èyí lọ fíìfíì. “Ó ń fọ ara mọ́, ó ń mú ara rọ̀” ti tó. Níbi tí ẹ bá ti to èròjà, Butyrospermum Parkii Butter ni òrí ń jẹ́.

Ti ìpara tó ń bó ara kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé mọ́. Hydroquinone, mákúrì àti clobetasol kò gbọ́dọ̀ sí nínú ìpara ara rárá, àwọn kan ṣì ń pò wọ́n mọ́ òrí láì kọ orúkọ wọn sára ike. Mákúrì ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń ti ara aláboyún dé ara ọmọ inú rẹ̀. Àwọn ìyá àti àbúrò wa ló ń rà á.