Bí Mo Ṣe Rí Ìkùukùu Oríónì Láti Àgbàlá Ilé Wa

Ìparí oṣù kọkànlá ni mo yàn láti wo Ìkùukùu Oríónì, ìyẹn ìkùukùu gáàsì ńlá tí ó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ tí à ń pè ní Oríónì, nítorí pé òjò ti dáwọ́ dúró ní Ìsẹ́yìn nígbà náà, eruku ọyẹ́ kò sì tíì bo ojú ọ̀run. Mo tún dúró di alẹ́ tí kò sí òṣùpá. Dígí inú awò awọ̀nàjíjìn mi fẹ̀ tó mìlímítà 150. Mo gbé e síta ní wákàtí kan ṣáájú kí ooru ilé lè kúrò lára rẹ̀, nítorí pé bí dígí bá ṣì gbóná, ńṣe ni àwọn ìràwọ̀ máa ń gbọ̀n lójú ẹni. Nígbà tí iná ìjọba lọ tí gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn, inú mi dùn gan-an. Mo fi aṣọ pupa wé tọ́ọ̀ṣì mi, mo sì jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìwo fóònù rárá, kí òkùnkùn lè mọ́ ojú mi lára.

Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tí à ń pè ní Ìràwọ̀ Méje ni mo kọ́kọ́ wò. Ìṣùpọ̀ yìí fẹ̀ débi pé kò gba inú awò ńlá náà tán. Awò kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí a fi ń wá ibi tí nǹkan wà, ni ó fi wọ́n hàn pa pọ̀, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já.

Oríónì ni ó gba àkókò mi jù. Ìwé ìtọ́sọ́nà mi sọ pé ìsàlẹ̀ ìràwọ̀ mẹ́ta tí ó tò bí ìgbànú ni ìkùukùu náà wà, mo sì wo ibẹ̀ títí, n kò rí nǹkan kan. Ẹ̀yìn náà ni mo rántí pé ní ilẹ̀ wa, bí Oríónì bá ń yọ ní ìlà-oòrùn, ẹ̀gbẹ́ ni ó fi ń dùbúlẹ̀: ìràwọ̀ mẹ́ta náà á tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìkùukùu náà á sì wà ní apá ọ̀tún wọn.

Bí mo ṣe rí i, n kò lè sọ̀rọ̀. Kò pupa bí ti inú àwòrán, nítorí pé ojú ènìyàn kì í dá àwọ̀ mọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tí kò tó; ó dà bí èéfín tí ó na ìyẹ́ méjì, ìràwọ̀ kéékèèké mẹ́rin sì wà láàárín rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ di ńlá ní ìlọ́po 120, àwọn mẹ́rin náà yàtọ̀ síra dáadáa, ṣùgbọ́n ìyẹ́ náà ṣá, nítorí náà mo padà sí ìlọ́po 48. Ìmọ́lẹ̀ tí mo ń wò yẹn ti kúrò níbẹ̀ láti nǹkan bí 1,300 ọdún sẹ́yìn, láti inú gáàsì tí àwọn ìràwọ̀ tuntun ṣì ń jáde wá.

Ẹ má ṣe tẹjú mọ́ ìkùukùu gan-an. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, yóò mọ́lẹ̀ sí i. Báyìí ni mo ṣe rí ibi dúdú tí ó wọ inú rẹ̀ bí ẹnu ẹja, nígbà tí aago méjìlá kọjá tí Oríónì ti gòkè. Ibẹ̀ ni mo ń wò títí ìrì fi bo awò náà.