Bí Mo Ṣe Tọpa Òkúta Dúdú Dé Òkè Eburru

Ọmọ Ilé-Ifẹ̀ ni mí. Orí ìlẹ̀kẹ̀ dígí àtijọ́ ti Igbó Olókun níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé èròjà inú dígí lè sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é. Dígí ni obsidian, òkúta dúdú tí mò ń sọ, náà, àmọ́ òkè ayọnáyèéfín ló yọ́ ọ, kì í ṣe èèyàn. Òkè kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n èròjà tirẹ̀, bí ìdílé ṣe ní ilà ojú.

Àfọ́kù obsidian 41 ni wọ́n gbé fún mi, láti ibùdó àwọn darandaran àtijọ́ kan ní Kẹ́ńyà. Mo fi omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ wọ́n, mo sá wọn gbẹ, mo sì kọ ojú tó tẹ́jú jù lára ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀rọ XRF, tó ń wọn èròjà inú nǹkan. Ẹ̀rọ yìí ń ta ìtànṣán sí òkúta, èròjà kọ̀ọ̀kan á sì fi agbára tirẹ̀ dáhùn. Kì í ba òkúta jẹ́. Láràárọ̀, òkúta tí a ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ ni mo ń kọ́kọ́ fi dán an wò.

Ọjọ́ kejì ni wàhálà dé: èròjà kan tó ń jẹ́ titanium ṣàdédé ròkè nínú mẹ́ta lára wọn. Mo tún wọn wọ̀n, kò yí padà. Ìgbà tí mo dojú wọn dé ni mo rí ọ̀dà funfun tí wọ́n ti fi kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Titanium sì ló ń mú irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ funfun! Mo wọn ẹ̀gbẹ́ kejì, ó tán. Àwọn tí kò nípọn tó 2 mm ló le jù, torí ìtànṣán ń là wọ́n kọjá. Ìpín èròjà rubidium sí èròjà zirconium ni mo gbẹ́kẹ̀ lé níbẹ̀, nítorí bí méjèèjì bá jọ dín kù, ìpín wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀.

Nígbà tí mo fi wọ́n wé òkúta tí wọ́n ṣà lórí àwọn òkè fúnra wọn, 35 bá ti òkè Eburru ní Kẹ́ńyà mu, méjì bá ti agbègbè Naivasha níbẹ̀ mu.

Ohun tó wú mi lórí nìyí. Àwọn darandaran àtijọ́ tí à ń pè ní Elmenteitan fẹ́ràn òkúta Eburru, tí àwọ̀ rẹ̀ ṣe bí ewé díẹ̀. Àwọn aládùúgbò wọn ń lo ti Naivasha, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú. Bẹ́ẹ̀ ibi méjèèjì kò jìnnà síra rárá! Òkúta Eburru sì rìn dé Gogo Falls, nítòsí adágún Victoria, bí 200 km. Èmi gbà pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yàn án ni, torí ẹni tí wọ́n jẹ́ sí ara wọn.

Mẹ́rin kò bá ibì kankan mu. Ó ṣe mí bíi kí n kó wọn mọ́ ti Eburru, mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n wà nínú àpò ọ̀tọ̀, mo kọ “orísun kò tíì hàn” sí i lára.