Fọ́tò ojú èèyàn kò jáde dáadáa: ìbéèrè àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ l'Ábẹ́òkúta

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ya màmá mi ní Olúmọ ní aago kan ọ̀sán. Abẹ́ ojú wọn dúdú, iwájú orí wọn sì ń dán yinrin. Ṣé kámẹ́rà mi ni kò dáa?

Ìdáhùn: Kámẹ́rà rẹ kò ṣe nǹkan kan. Oòrùn ló wà ní àtàrí wọn, tí òjìji wá ṣú sí ihò ojú. Bí o bá ra kámẹ́rà olówó ńlá lọ́la, tí o tún yà wọ́n síbẹ̀ ní aago kan náà, bákan náà ló máa rí. Mú wọn kúrò lóòrùn. Ilé àtijọ́ tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pọ̀ nílùú wa: jẹ́ kí wọ́n dúró sínú, ìgbésẹ̀ kan sí ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n kọjú síta, kí ìwọ wà níta. Ìmọ́lẹ̀ á rọra bà wọ́n lójú, ẹ̀yìn wọn á ṣókùnkùn. Kí o tó tẹ̀ ẹ́, wo ẹyinjú wọn. Bí ìmọ́lẹ̀ kékeré bá ń tàn nínú dúdú ojú, ó ti dáa. Bí kò bá sí, ní kí wọ́n gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Bó bá jẹ́ orí àpáta gan-an lo fẹ́, àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ.

Ìbéèrè: Ọkùnrin dúdú kan wọ agbádá funfun níwájú ògiri funfun. Ojú rẹ̀ ṣú pátápátá.

Ìdáhùn: Kámẹ́rà kò mọ èèyàn yàtọ̀ sí ògiri. Ó kàn fẹ́ kí gbogbo ohun tó rí wà ní agbedeméjì funfun àti dúdú. Bí funfun bá pọ̀, á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú ló sì máa jìyà rẹ̀. Lo bọ́tìnì tó ní àmì + àti −, gbé e sí +0.7 tàbí +1. Lórí fóònù, tẹ ojú ẹni náà, kí o fa àmì oòrùn sókè, àmọ́ má fà á débi tí iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá á fi pòórá. Ní ọjà Ìtòkú, níwájú àdìrẹ aláró tí wọ́n fi kọ́, òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀: ìmọ́lẹ̀ á pọ̀ jù, èèyàn á dà bí ẹni tó ń bóra. Ibẹ̀ ni −0.7 ti wúlò. Jẹ́ kí awọ dúdú dúdú, kó sì máa dán bó ṣe ń dán. Inú mi kì í dùn sí àwọn ayàfọ́tò tó ń fi ápù sọ oníbàárà di pupa láì bèèrè lọ́wọ́ wọn.

Ìbéèrè: Imú àbúrò mi tóbi ju bó ṣe rí lọ.

Ìdáhùn: O sún mọ́ ọn jù ni. Sún sẹ́yìn tó mítà méjì, kí o lo lẹ́ǹsì 50mm tàbí 85mm; 2x lórí fóònù.

Ìbéèrè: Fọ́tò mi ń ṣe bàìbàì.

Ìdáhùn: Má jẹ́ kí shutter speed, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí tó sì ń pa dé, lọ sílẹ̀ ju 1/200 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, gbé ISO sókè, ìyẹn nọ́ńbà tó ń mú kí fọ́tò mọ́lẹ̀ sí i. Ẹyinjú tó sún mọ́ ọ jù ni kí kámẹ́rà mú kedere.

Ìbéèrè: Bí mo bá gbé kámẹ́rà sókè báyìí, àwọn àgbà á le gbagidi.

Ìdáhùn: Ṣé o kí wọn dáadáa? Kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀, tọrọ àyè, gbé kámẹ́rà sílẹ̀ ná. Bi ìyá aládìrẹ bí wọ́n ṣe so àdìrẹ oníko tó wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á na aṣọ náà, wọ́n á máa fi ìka tí aró ti kùn tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti fi ìko dì í. Tí wọ́n bá gbójú sókè láti mọ̀ bóyá ó yé ọ, yà á. Lẹ́yìn náà, fi hàn wọ́n. Bí wọn ò bá fẹ́ ẹ, pa á rẹ́ lójú wọn.