Tí ara bá ń béèrè oògùn olóró: bó ṣe ń di bárakú àti nǹkan tẹ́ ẹ lè ṣe sí i

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti jáwọ́ nínú oògùn olóró tí wọ́n tún padà sídìí ẹ̀, kì í sì í ṣe pé wọn ò fẹ́ jáwọ́ o, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní nǹkan tí wọ́n máa ṣe láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan tí ara bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Gbogbo ayé kàn ń pariwo "fi sílẹ̀, fi sílẹ̀" ni. Jíjáwọ́ ní ohun téèyàn ń kọ́, ohun tí mo sì fẹ́ ká jọ sọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ. Kẹ́míkà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ dopamine, ó máa ń tú jáde tí nǹkan bá dùn mọ́ wa, bóyá a jẹun tàbí a wà lọ́dọ̀ ẹni tá a fẹ́ràn, tí ọpọlọ á fi mọ̀ pé nǹkan yìí dáa, ká tún un ṣe. Oògùn olóró máa ń jẹ́ kó tú jáde kọjá bó ṣe yẹ, tó bá sì wá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ọpọlọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, nǹkan tó ń dùn mọ́ni tẹ́lẹ̀ ò ní dùn mọ́, ìwọ̀n tó ń tó o tẹ́lẹ̀ ò ní tó mọ́, ló bá di pé èèyàn ń lò ó kára ẹ̀ ṣáà lè balẹ̀, adùn ti kúrò níbẹ̀. Apá iwájú ọpọlọ tó yẹ kó sọ pé "dúró ná, rò ó dáadáa" náà ò ní lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó búra láàárọ̀ pé òun ò ṣe mọ́, tó tún wá lò ó lálẹ́, irọ́ kọ́ ló pa láàárọ̀ yẹn. Èébú ò lè wo nǹkan yìí sàn, nínà ò lè wò ó, kéèyàn so ó mọ́lẹ̀ gan-an ò lè wò ó.

Kẹ́ ẹ tó jáwọ́, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa torí ẹ̀mí wà níbẹ̀. Ẹni tó ti ń mutí gan-an lójoojúmọ́ látọjọ́ pípẹ́, tàbí tó ń lo oògùn oorun bíi diazepam, kó má ṣàdéédéé fi sílẹ̀ láìrí dókítà. Ọwọ́ lè máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, tó bá wá le, gìrì lè gbé e, ó lè máa rí ohun tí ò sí níbẹ̀, ó sì lè kú. Ti ọtí, ọjọ́ 3 sí 4 àkọ́kọ́ ni ewu yẹn máa ń pọ̀ jù. Ti heroin, codeine àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, ara á máa ro èèyàn, á máa yàgbẹ́ gbuuru, á máa bì, oorun ò ní wá, ìyà gidi ni, ṣùgbọ́n oògùn wà tí dókítà lè fi ràn án lọ́wọ́, bíi methadone àti buprenorphine. Àwọn kan máa ń sọ pé ṣebí oògùn kan lẹ tún fi rọ́pò òmíì. Èmi ò gbà. Ẹni tó ń lo ìyẹn bí dókítà ṣe ní kó lò ó lè sùn, kó jí, kó lọ síbi iṣẹ́, ewu ikú ẹ̀ sì máa ń dín kù gan-an.

Ó yá, iṣẹ́ gan-an. Ẹ mú ìwé kan, fún ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ìgbà tó bá ti ń wù yín, ẹ kọ ọ́: aago mélòó ni, ibo lẹ wà, ta lẹ wà pẹ̀lú, ṣé owó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, kí ló wà lọ́kàn yín. Ẹ fojú sí mẹ́rin yìí dáadáa, ebi, ìbínú, ìdánìkanwà àti àárẹ̀, wọ́n wà nídìí ẹ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Nígbà míì, oúnjẹ tàbí oorun gan-an ni ara ń wá.

Tí ara bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ńkọ́? Bí ìgbì òkun ló ṣe rí, á ru sókè, á dé ṣóńṣó, á sì lọ sílẹ̀, ó sábà máa ń rọlẹ̀ kó tó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tẹ́ ò bá lò ó. Ẹ má sọ pé "mi ò ní lò ó láéláé mọ́", ìyẹn ti wúwo jù lásìkò yẹn, ẹ sọ pé "mi ò ní lò ó fún ìṣẹ́jú 15 yìí". Kẹ́ ẹ dìde kúrò níbi tẹ́ ẹ wà lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo ibi tó ti ń mú yín nínú ara, ṣé àyà ni àbí ọ̀fun, ẹ máa mí sínú díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ mí síta kó pẹ́ ju ti inú lọ. Ẹ pe ẹni kan, ẹni tẹ́ ẹ ti bá sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé "tí mo bá pè ọ́, ṣáà bá mi sọ̀rọ̀". Tí ìṣẹ́jú 15 bá pé tó ṣì wà níbẹ̀, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ òmíì.

Ẹ pa nọ́ńbà ẹni tó ń tà á fún yín rẹ́. Tẹ́nì kan bá fi lọ̀ yín, "rárá, mo ti jáwọ́" ti tó, ẹ má ṣàlàyé, torí àlàyé ló ń bí àríyànjiyàn, ẹ máa lọ. Ẹ kọ́ ọ sẹ́nu nílé kó tó di pé ẹ nílò ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ títí lọ sí oṣù mélòó kan, ayé lè máa rí ṣákálá lójú yín. Ọpọlọ ló ń tún ara ẹ̀ ṣe, kì í yá.

Tẹ́ ẹ bá wá ṣubú, ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ ti kọ́ ò sọnù. Ṣùgbọ́n ara yín ò gba ìwọ̀n tẹ́ ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ ló ti kú báyẹn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní rehab, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí oògùn ti di bárakú fún, tàbí ẹ̀wọ̀n, wọ́n wá lo ìwọ̀n àtijọ́. Kí àwọn ará ilé mọ àmì pé oògùn ti pọ̀ jù lára èèyàn: èémí ń wá díẹ̀díẹ̀, ètè ń dúdú, ẹ pè é kò jí. Ẹ pe àwọn tó ń rí sí pàjáwìrì kíá, tẹ́ ẹ bá ní naloxone, oògùn tó ń dá agbára heroin, codeine àti àwọn ẹgbẹ́ wọn dúró, ẹ fún un, ẹ fẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lélẹ̀, ẹ má sì fi sílẹ̀ lóun nìkan, torí agbára naloxone lè tán kí oògùn yẹn tó kúrò lára ẹ̀. Tí ara bá ti balẹ̀, ẹ padà sínú ìwé yẹn, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní wákàtí mélòó kan ṣáájú, kẹ́ ẹ sì pe ẹni tẹ́ ẹ máa ń pè lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó má di ọ̀la.